Kòláàánú dé ọjà Massè

Ọjọ́ ọjà Massè, ní ìrọ̀lẹ́

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà dé.

Wọ́n mú ọkùnrin kan lọ́jà, wọ́n ní ó jí ewúrẹ́. Wọ́n já igbà gbà lọ́wọ́ Bàbá Ìdòwú adẹ́mu, okùn tó fi ń gun ọ̀pẹ, wọ́n fi de ọkùnrin náà mọ́ igi, wọ́n sì lù ú títí ètè rẹ̀ fi ya. Ariwo tí wọ́n ń pa ni: “Kòláàánú! Kòláàánú!”

Kòláàánú tèmi! Adẹ́mu inú ìwé ìtàn aláwòrán tí mo ń yà, tó máa ń fi igbà de àwọn olè, tí á sì lù wọ́n pa. Ìkà ni mo fi í ṣe nínú ìwé àkọ́kọ́, àwọn òǹkàwé sì ń ṣépè fún un. Nígbà tí ẹran bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá ní Oko-Akarè nítòsí ibí, àwọn òǹkàwé kan náà ní kó máa na àwọn olè lọ. Ní báyìí, àwòrán rẹ̀ ló wà láyà ẹ̀wù àwọn ọ̀dọ́ ọjà. Òmùgọ̀ gbogbo!

Obìnrin kan tó ń ta ẹ̀gẹ́ rí mi, ó rẹ́rìn-ín: “Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ ṣe yà á nínú ìwé la ṣe dè é o.”

Bàbá Ìdòwú ló padà fi ọ̀bẹ gé okùn náà. Ó ní, “Igbà tó bá ti so èèyàn kì í gun ọ̀pẹ mọ́.” Wọ́n gbé ọkùnrin náà lọ sílé ìwòsàn. Kò tíì lajú.

Ẹ̀yìn olè nìkan ni mo máa ń yà. Lónìí, kí wọ́n tó gé okùn, ojú ni ọkùnrin náà kọ sí mi. Ẹnu mi ló ń wò, bí ẹni pé èmi ni mo máa sọ pé ó tó.

Mo ní, “Ó tó!” Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, èmi tó ya Kòláàánú, wọ́n sì tún gbé kùmọ̀ lù ú.