Òfin Mẹ́rìnlá Ara Ògiri

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3 Sẹ̀tẹ́ńbà 1988
Oṣù kẹrin rèé tí a kó wọ ilé wa ní Ìgándò. Yàrá mẹ́fà — èmi àti Susanna ìyàwó mi ń gbé méjì, mẹ́rin ṣófo. Gbogbo ohun tí mo fi ọgbọ̀n ọdún kó jọ ní rélùwéè ló wà nínú ilé yìí. Ó ń dùn mí.

Ọjọ́rú, 7
Tọkọtaya kan wá lónìí. Wọ́n fẹ́ràn kànga, wọ́n fẹ́ràn fèrèsé. Ìyàwó béèrè ibi tí lánlọ́ọ̀dù ń gbé. Yésúfù ajẹ́ǹtì nawọ́ sí mi. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀. Wọn ò ní pa dà wá.
Yésúfù wá là á mọ́lẹ̀: ilé ò lẹ́bi, àwọn èèyàn ò kàn fẹ́ bá lánlọ́ọ̀dù gbé inú ọgbà kan náà ni. Kí n kó jáde, kí n pa dà sí Mushin tí a ti kó wá, yàrá á kún láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọjọ́bọ̀, 8
Adájọ́ (Susanna náà ni — ẹjọ́ tó bá dá, ó ti di dídá) ní òun ti háyà ilé tó láyé òun, òun ò kó lọ síbì kankan mọ́.

Ìṣẹ́gun, 13
Mò ń roko ẹ̀gbẹ́ kànga, síńgílẹ́ẹ̀tì lọ́rùn, nígbà tí obìnrin kan wọlé. Sìdíkátù, aránṣọ, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ó ń wá yàrá. "Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Ṣé ẹ̀yin náà ń háyà níbí ni?" Mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.
Ó nàka sí ògiri, síbi tí mo kun òfin mẹ́rìnlá sí. "Kò gbọdọ̀, kò gbọdọ̀. Irú èèyàn wo ni lánlọ́ọ̀dù yín ṣá?"
Mo fẹ́ yìn ín. Mo ní kì í ṣe olè, bí páànù bá jò, ọjọ́ náà ló ń tún un ṣe. Àmọ́ aago mẹ́sàn-án ló ń ti géètì. Ó tún máa ń ka iye garawa omi téèyàn bá fà. Ó ní, "Ẹ kú ìfaradà, bàbá," ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́rú, 14
Mo ka òfin náà bíi pé ẹlòmíì ló kọ ọ́. Òfin kẹfà: ẹ̀rọ ìránṣọ kò gbọdọ̀ dún nínú ilé. Òfin kẹsàn-án: kò gbọdọ̀ sí ẹ̀rín àríntakìtì lẹ́yìn aago mẹ́jọ. Èmi ni mo kọ ọ́, rúlà ni mo fi fà á. Ojú tì mí.
Mo sọ ọ́ fún Adájọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Aago mẹ́jọ sì ti kọjá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17
Mo ra ọ̀dà funfun ní Ìkòtún. Mo pa òfin méjìlá rẹ́. Méjì kù: ẹ bo kànga; ẹ má dáná ní kọ́rídọ̀. Ìyẹn ò ṣeé yọ, torí ọmọdé àti torí iná. Adájọ́ bá mi di àkàbà mú. Ó dùn mí díẹ̀ — àwọn lẹ́tà yẹn gún régé.

Ọjọ́rú, 21
Kọ́kọ́rọ́ géètì ti wà lọ́wọ́ Adájọ́. Mo ka garawa omi tó ń fà dé ẹ̀kẹta kí n tó rántí ara mi.

Ajé, 26
Yésúfù mú àlejò wá: Àmúsà, káfíńtà, òun àti ìyàwó rẹ̀. Sìdíkátù ni. Yésúfù ní, "Lánlọ́ọ̀dù rèé." Ǹ bá wọlẹ̀ lọ.
Sìdíkátù wò mí. Ó wo ògiri. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Wọ́n wo yàrá, wọ́n wo abẹ́ fèrèsé tí ẹ̀rọ ìránṣọ máa wà. Ó kù díẹ̀ kí ọkọ rẹ̀ fọwọ́ sí ìwé, ni Sìdíkátù bá di bírò mú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ní, "Bàbá, lánlọ́ọ̀dù tí ẹ sọ fún mi lọ́jọ́sí ńkọ́?"
Mo ní ó ti kó jáde.