Ìbọ̀wọ́ Tó Wà Lórí Koríko

Ọjọ́rú, 25 Ọ́gọ́ọ̀sì 1909

Ìkọ̀ Carrow nà wá lónìí nínú eré bésíbọ́ọ̀lù, méje sí méjì. Àwa ìkọ̀ Wexley la ṣì wà lókè nínú ìdíje, àmọ́ wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá wa. Orúnkún mi wú. Mo fi yìnyín lé e títí oúnjẹ fi délẹ̀.

Ehoro ló dá wa lóró jù. Alvin Purdom lorúkọ rẹ̀, èmi ni mo sọ ọ́ ní Ehoro nítorí eré ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọdún méjì gbáko la fi jọ ń sùn ní yàrá kan náà lẹ́nu ìrìnàjò. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ apá òsì pápá — kí o kẹ̀yìn sí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù, kí o gbójú sókè, kí o máa sáré lọ, má wolẹ̀. Ní Júùnù ni màníjà wa fi í ṣe pàṣípààrọ̀, ó gba ajubọ́ọ̀lù kan lọ́wọ́ Carrow dípò rẹ̀. Alátábà ni mo ń pe màníjà náà nínú ìwé yìí. Ẹnu rẹ̀ kì í dilẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 26

Alátábà kó wa jọ. Ó ní tí a bá gba ife-ẹ̀yẹ, gbogbo wa la máa padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Tí a ò bá gbà á, òun á kó gbogbo ẹsẹ̀ tó ti gbó dànù. Ó wá tu itọ́ tábà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà mi. Ìwọ̀sí wo nìyẹn! Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mí, kò sẹ́ni tó dàgbà tó mi nínú ìkọ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ náà, tèmi ni.

Ọjọ́ Àìkú, 29

Konrad, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, wá bá wa jẹun. Ó tún bẹ̀rẹ̀. "Bàbá Klara, ọ̀bẹ yín wà nílẹ̀ ní ìsọ̀ ẹran mi o. Ọjọ́ tí wọ́n bá lé yín, ẹ máa bọ̀. Sọ́séèjì kì í sáré, ẹ ò ní lé e." Dorothea ìyàwó mi rẹ́rìn-ín. Inú bí mi débi pé mi ò parí kábéèjì mi. Láti ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti ń jẹun lórí pápá. Kí ni kí n lọ fi ẹlẹ́dẹ̀ ṣe?

Ọjọ́ Ajé, 6 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ọjọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Eré méjì lójúmọ́ kan. A jẹ ọ̀kan, wọ́n jẹ wá ní ọ̀kan. Orúnkún ò jẹ́ n jókòó, kò jẹ́ n dìde.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14

Òjò. Kò séré. Mo ń lọ mo ń bọ̀ láàárín ilé títí Dorothea fi pariwo: "Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́, òòyì ti ń kọ́ mi!"

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18

Ní Carrow. Ehoro wá bá mi kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Ó ní, "Bàbá Àgbà, orúnkún ńkọ́?" Mo ní ó ti sàn. "Irọ́! Mo rí yín bí ẹ ṣe ń tiro bọ̀." Ó sọ fún mi pé ìyàwó òun ti lóyún. Inú mi dùn, mo gbá a lẹ́yìn. Ọmọ dáadáa ni, kò sí bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́.

Àṣà gbogbo wa ni pé tí ìkọ̀ bá fẹ́ wọlé lọ fi igi gbá bọ́ọ̀lù, kálukú á ju ìbọ̀wọ́ awọ tó fi ń mú bọ́ọ̀lù sílẹ̀ lórí koríko níbi tó dúró sí. Kò sẹ́ni tó ń gbé e dání. Tẹ́lẹ̀, ibi tó bá wù mí ni mò ń ju tèmi sí. Nígbà tí Ehoro wà lọ́dọ̀ wa, òun ló máa ń bá mi gbé e lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà funfun, tí á máa ráhùn: "Bàbá Àgbà, ẹnì kan á fi ẹsẹ̀ kọ nǹkan yìí lọ́jọ́ kan o." Ó ráhùn ráhùn títí ó fi mọ́ mi lára. Ẹ̀gbẹ́ ìlà ni mò ń fi í sí báyìí. Lónìí ó rí i níbẹ̀, ó kígbe láti òkèèrè: "Ó káre, akẹ́kọ̀ọ́ mi!" Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Wọ́n nà wá.

Ọjọ́ Ẹtì, 24

Wọ́n tún nà wá.

Ọjọ́rú, 29

Àwa àti Carrow ti dọ́gba. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni àṣekágbá, nílé wa níbí. Konrad ti pọ́n ọ̀bẹ. Ó ní àwàdà ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2 Ọkitóbà

A gbà á! Ife-ẹ̀yẹ ti di tiwa!

Kí n kọ ọ́ bó ṣe lọ. Abala kẹsàn-án, ìyẹn ìkẹyìn. Carrow mẹ́rin, àwa mẹ́ta. A ti lé wọn kúrò, ó kù kí àwa wọlé lọ gbá tiwa. Mo ju ìbọ̀wọ́ mi sílẹ̀, mo tiro wọlé. Ehoro jáde wá dúró síbi tí mo kúrò. Wọ́n ti mú èèyàn méjì wa, tí wọ́n bá mú ẹnì kan sí i, eré parí. Àwa náà ní èèyàn méjì ní ibùdó, tí wọ́n lè sáré délé gba àmì. Swick, ọ̀kan nínú wa, gbé igi. Ó gbá a, bọ́ọ̀lù gòkè lọ réré sí apá òsì. Ehoro kẹ̀yìn, ó gbójú sókè, ó ń sáré. Gbogbo wa mọ̀ pé ó ti mú un. Alátábà ti ń bú èébú.

Ló bá ṣubú. Bọ́ọ̀lù bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, àwọn èèyàn wa méjèèjì sáré délé, ó di márùn-ún sí mẹ́rin. Èrò ya wọ pápá. Wọ́n gbé Swick. Nígbà tí wọ́n rí ohun tó gbé Ehoro ṣubú, wọ́n gbé èmi náà. "Bàbá yìí gbọ́n o!" Láti orí èjìká wọn ni mo ti ń wo Ehoro nílẹ̀. Kò dìde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjú síbi tí kò yẹ.

Orúnkún ló ń dùn mí. Mi ò lè rìn dé ẹ̀gbẹ́ ìlà. Mo gbàgbé ni.

Ọjọ́ Àìkú, 3

Mo gbàgbé ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5

Alátábà pè mí. Ìwé àdéhùn ọdún tó ń bọ̀ wà lórí tábìlì. Ó ń rẹ́rìn-ín tábà tábà. "Àṣé orí rẹ ṣì ń ṣiṣẹ́! Mo ti fẹ́ lé ẹ lọ, o mọ̀." Mo fọwọ́ sí i. Dorothea yan odindi ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀. Mo tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ọjọ́bọ̀, 7

Mo lọ wo Ehoro ní ọsibítù. Dókítà ní á rìn, àmọ́ kò ní sáré mọ́ láyé. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó gbé ọwọ́ lé ikùn. Ó dìde fún mi kí n jókòó.

Mo ní, "Mo gbàgbé ni."

Ehoro di ọwọ́ mi mú. "Ṣé mi ò mọ̀ ni? Ẹ má da ara yín láàmú. Bàbá Àgbà, mo rí i o. Bí mo ṣe jáde ni mo rí ìbọ̀wọ́ yín nílẹ̀. Mo ní, ẹ wo bàbá yìí, ó tún fẹ́ kí n bá òun gbé e. Ká sòótọ́, inú mi dùn. Mo ní tí a bá parí, màá fọwọ́ ara mi gbé e wá bá yín, ká jọ rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí bọ́ọ̀lù wá gòkè, ẹ mọ bí ẹ ṣe kọ́ mi. Mi ò wolẹ̀."

Mo tún ní mo gbàgbé ni. Ó tún ní òun mọ̀.

Mi ò gbàgbé. Mo dúró, mo wo ibi tó máa sáré gbà, mo sì fi í síbẹ̀.