Ìyà Mi Tí Ó Wọ Inú Ẹ̀rọ Lọ

Ìjẹ̀bú-Òde,
14 Oṣù Kẹwàá, 1988.

Olúyọmí ọmọ mi,

Èmi tí bàbá mi kú nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, tí mo pa èkùrọ́ l'Ódogbolu títí èékánná fi bó, tí mo fi orí ru pákó fún ọdún mọ́kànlá, tí ìwé mi kò kọjá ìwé kejì, kí n tó ní sọ́míìlì tí gbogbo ìlú mọ̀, èmi bàbá rẹ ni mo kí ọ. Ṣé ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ le? Olúwa á máa ṣọ́ yín l'Ékòó. Orúnkún ìyá rẹ ti fúyẹ́ díẹ̀, ewúrẹ́ rẹ̀ sì bí ìbejì.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò lè sọ fún ìyá rẹ. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa, ẹgbẹ́ àwa ọjọ́ orí kan náà, ń ṣe ìwé àjọ̀dún, kálukú ń lọ sọ ìtàn ayé rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Simeon tó ń bá wa tẹ ìwé náà, Kúbúrátù ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ á sì máa fi kọ̀mpútà tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ gbogbo ìyà tí mo jẹ, mo ń rí i lójú gíláàsì. Bí a ṣe dé ibi tí mo ra lọ́rì, ńṣe ni ikú bàbá mi gòkè, ó wọlé lọ. Èkùrọ́ tẹ̀ lé e, pákó náà lọ. Ó ku lọ́rì àti ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Mo ní ṣé ó fẹ́ kí aráyé rò pé inú owó ni wọ́n bí mi sí ni. Ó ní kí n fara balẹ̀, pé bí ẹní tí a ká ni, òun á tẹ bọ́tìnì ọfà kan, á sì padà wá. Mo lọ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ni mo bá fa wáyà iná tu, kí ó má baà gbé lọ́rì náà mì.

Ọmọ mi, ìgbà náà gan-an ni gbogbo rẹ̀ wá lọ, tèmi àti ti àwọn márùn-ún tó ṣáájú mi láàárọ̀ ọjọ́ náà, nítorí kò tíì fi wọ́n pamọ́. Simeon wọlé, ó bi í pé iṣẹ́ dà. Kúbúrátù wò mí, kò dárúkọ mi. Simeon ní iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó máa lọ sílé. Èmi tí mo máa ń sọ̀rọ̀ tí ìpàdé á pa lọ́lọ́, mo gbé fìlà mi, mo jáde. Lánàá ní ìpàdé, Bọ́dúnrìn, ọ̀kan nínú wa, bú ọmọ náà níwájú ẹgbẹ́, ó ní ọmọ tí kò ní làákàyè ni. Èmi náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Má fi owó ránṣẹ́ lóṣù yìí, mo ní owó. Èsì ni kí o fi ránṣẹ́ kíákíá: ohun tí kọ̀mpútà bá gbé mì, ṣé a lè mú kí ó bì í padà? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o ṣe ohun tí o ò ní lè sọ fún ìyàwó rẹ.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, bí ìpàdé bá pé, màá ṣí fìlà, màá jẹ́wọ́. Kí Bọ́dúnrìn rẹ́rìn-ín tí ó bá fẹ́. Lẹ́yìn náà, gbogbo wa la ó jọ lọ sílé bàbá Kúbúrátù, màá sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ náà níṣojú àwọn tó rí mi nígbà tí mo mi orí.

Èmi ni bàbá rẹ,
Adélékè.