Sọ́rì Tí Aṣọ́lé Wa Ń Sọ

Bàbá mi, ẹni tí mo máa ń ráhùn sí,

Ẹ lè má gbà mí gbọ́, àmọ́ ọmọ-ọmọ yín, Adúnní, ti di aṣọ́lé. Kì í ṣe ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ o. Họ́kì ni, èyí tí wọ́n ń gbá lórí yìnyín. Bàtà onírin ni wọ́n fi ń sáré, igi tó tẹ̀ lẹ́nu ni wọ́n fi ń gbá róbà pẹlẹbẹ kan tó le bí òkúta. Ọmọ ọdún méjìlá, Bàbá! Tí róbà yẹn bá gbá a nígbá àyà, èmi tí mo jókòó jẹ́jẹ́ ni mo máa ń ké yéè, tí àwọn ìyá òyìnbó á yíjú wò mí.

Ẹ̀yin ni mo máa ń rántí níbẹ̀. Nígbà tí ẹ bá mú mi lọ wo bọ́ọ̀lù l'Ábẹ́òkúta, tí wọ́n bá ti gbá a wọlé, gbogbo èrò á máa bú aṣọ́lé, èmi náà á sì bá wọn bú u. Ẹ̀yin á kàn ṣu ẹnu jọ, ẹ á máa fojú wá ẹni tó kọ́kọ́ sọ bọ́ọ̀lù nù láàárín pápá. Kí ló dé tí mi ò kọ́ ìyẹn lára yín?

Ó yẹ kí n ti kọ́ ọ, torí ẹ̀yìn ẹgbẹ́ Adúnní ò dáa rárá. Àwọn ọmọ méjì tó yẹ kó máa dí ọ̀nà níwájú rẹ̀ á sáré lọ wá góòlù, wọn ò ní padà bọ̀. Inú mi tiẹ̀ kọ́kọ́ dùn, mo rò pé bí róbà ṣe ń rọ̀jò lé e lórí yìí, ojú ẹ̀ á là sí i ni. Irọ́ ni! Ó ti di ẹni tí ò fọkàn tán ẹnikẹ́ni. Ó fẹ́ mú ẹni tí róbà wà lọ́dọ̀ ẹ̀, ó tún fẹ́ mú ẹni tó ń bọ̀ lápá kejì. Kí wọ́n tó gbá a ló ti kúnlẹ̀, wọ́n á sì gbé e gba orí ẹ̀ kọjá. Kóòṣì wá ń múra àtifi ọmọ mìíràn rọ́pò ẹ̀. Tí ẹ bá rí bó ṣe ń wọ́ báàgì tó tóbi jù ú lọ gun àtẹ̀gùn ilé wa ní Tremont lókè òkun níbí, àánú ẹ̀ á ṣe yín.

Èmi ńkọ́? Mo bá a wí nínú ọkọ̀ láti ibi ìṣeré títí dé ilé. Mo pè é ní ojo. Ọmọ tèmi, Bàbá.

Ohun tó jẹ́ kí kóòṣì àtàwọn ọmọ ẹgbẹ́ gbà pé ẹ̀bi tiẹ̀ ni ni pé, gbàrà tí róbà bá ti wọlé, òun ló ń sọ sọ́rì fún àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn. Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo sún mọ́ gíláàsì tó yí yìnyín ká. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn ṣubú, wọ́n já róbà gbà lọ́wọ́ ẹ̀, ó di góòlù. Adúnní lọ bá a, ó rọra gbá a lẹ́yìn, ó ní sọ́rì. Sọ́rì ilé wa ni! Èyí tí à ń sọ fún ẹni tó fẹsẹ̀ kọ, pẹ̀lẹ́ ni. Ọmọlọ́mọ ló ń tù nínú, àmọ́ lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó, ẹni tó ṣẹ̀ ló ń sọ sọ́rì, wọ́n sì rò pé ó ń jẹ́wọ́ ẹ̀bi. Ta ló máa tún ẹ̀yìn ṣe nígbà tí aṣọ́lé ti gba ẹ̀bi gbogbo wọn?

Mo lọ ṣàlàyé fún kóòṣì. Obìnrin náà wá pe àwọn ọmọ jọ. Látìgbà náà, iṣẹ́ ti pín: Adúnní á dojú kọ ẹni tí róbà wà lọ́dọ̀ ẹ̀ nìkan, àwọn ará ẹ̀yìn á mójú tó ẹnì kejì. Lánàá, ó dúró lórí ẹsẹ̀ ẹ̀, ó ń dúró dè wọ́n. Wọ́n ṣì nà wá, àmọ́ kóòṣì ò yọ ọ́ mọ́.

Nígbà tí a dénú ọkọ̀, mo fẹ́ sọ sọ́rì fún un, mo rí i pé kò ní tó, torí pẹ̀lẹ́ lásán ló máa gbọ́. Mo wá bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, pé mo ṣẹ̀ ẹ́. Bàbá, mi ò gbọ́ ọ rí kí òbí sọ bẹ́ẹ̀ fọ́mọ. Ẹ̀yin náà ò sọ ọ́ fún mi rí. Ṣé ó ti wù yín sọ lọ́jọ́ kan rí? Adúnní bú sẹ́kún. Ó ní látọjọ́ tí mo ti pe òun ní ojo lòun ti gbà pé èmi náà wà lára àwọn tó fẹ́ kí wọ́n yọ òun.

Ẹ sùn re. Mo fẹ́ràn yín gan-an ni.

Ọmọ yín obìnrin