Kí O Tó Dá Násírù Lóhùn

Qudrah, ẹ̀wà wà nínú kúlà. Mo ti lọ síbi iṣẹ́.

Kò pẹ́ tí o jáde ni Násírù rẹ wọlé, tòun ti kóòtù nínú ooru Warri yìí. Ó gbé èsì yunifásítì tó lọ ní Jámánì lé Bàbá lọ́wọ́. Bí Bàbá ṣe rí 3.9, ló bá figbe ta: "Wúrà! Ìwọ tó o gba 3.2 tí o ò jẹ́ ká sinmi, wá wo ọpọlọ!" Násírù dọ̀bálẹ̀: "Àdúrà yín ni, sà." Bàbá ti ní kí àwọn ẹbí rẹ̀ wá tọrọ rẹ lọ́jọ́ Àìkú.

Àbúrò mi, lọ́dọ̀ tiwa, bí máàkì bá ṣe ń ga sí i ló ń dára sí i. Ní Jámánì, oókan ló dára jù, ẹni tó bá sì kọjá mẹ́rin ti féèlì. Agbára káká ni Násírù fi yege.

N ò ní kí o má fẹ́ ẹ. Ẹni tó yege tipátipá lè jẹ́ ọkọ rere. Àmọ́ ó mọ̀, ó sì jókòó, ó ń mu Mílò, ó ń jẹ́ kí bàbá wa máa pè é ní ọ̀jọ̀gbọ́n. Ibẹ̀ ló ti ń kọ mí lóminú.

Bó bá pè ọ́, bi í pé èwo ló dára jù níbẹ̀, oókan ni àbí mẹ́rin. Má dárúkọ mi. Bó bá sọ òótọ́, kí wọ́n máa bọ̀. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn yìnyín ilẹ̀ Jámánì fún ọ, sọ fún Bàbá pé o ò tíì ṣe tán.

Wúrà