Ọwọ́ Ẹ̀yìn Gíláàsì

Ọjọ́ Ajé, 7 oṣù Ọ̀wàrà, 2024

Mo gbé Àgbàlagbà dé láti Ẹ̀pẹ́. Míksà ńlá ni, ẹ̀rọ tí à ń fi po ohùn orin pọ̀, tí ṣọ́ọ̀ṣì kan jù sí yàrá ẹ̀yìn nígbà tí wọ́n ra tuntun. Kò gba ohùn wọlé mọ́, gbogbo ihò ẹ̀yìn rẹ̀ ti dípẹtà. Ṣùgbọ́n àwọn féédà rẹ̀, ọ̀pá mẹ́rìndínlógún tí à ń tì sókè-sódò, ṣì ń lọ geere. Benjamin tó ń bá wọn ṣètò ohùn bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi òkú ẹ̀rọ ṣe. Mo ní mo fẹ́ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, kí n máa fi ọwọ́ darí orin dípò máòsì.

Ohun tí mi ò sọ fún un: mi ò rí ojú kọ̀ǹpútà dáadáa mọ́.

Ọjọ́rú, 9

Gílókómà, àrùn tó ń jẹ ojú díẹ̀díẹ̀. Láti oṣù Agẹmọ ni dókítà ti sọ ọ́. Èyí tó ti lọ ti lọ, oògùn kíkán ló lè dá ìyókù dúró. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ti ṣókùnkùn, àárín ń ṣe kùrukùru. Tíṣà – Ìbídùnní ìyàwó mi – rò pé ojú ló ń yún mi. Ta ni yóò gbé orin fún afọ́jú ní àdúgbò wa, Agric yìí, níbi tí sítúdíò mẹ́rin wà ní òpópónà kan ṣoṣo? Ẹ̀rù ń bà mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 11

Wáyà kò bá a mu. Mo lọ wá òmíràn ní ibùdókọ̀ Garage. Ọlọ́kadà kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá mi bi mí bóyá ojú mi wà nínú àpò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12

Ó gbà! Láti àárọ̀ ni mo ti ń bá a fà á – mo ti féédà kìíní, ìlù kẹta ló lọ sókè. Ní ìrọ̀lẹ́, mo ṣí orin àtijọ́ kan. Mọ́tò inú àwọn féédà ṣì ń ṣiṣẹ́: gbogbo wọn dìde fúnra wọn, olúkúlùkù sí ibi tí mo fi í sí nígbà tí mo ṣe orin náà. Mo gbé ọwọ́ lé wọn, mo mọ ibi tí ohùn kọ̀ọ̀kan wà láìwo nǹkan kan. Mo sunkún bí ọmọdé.

Ọjọ́ Àìkú, 13

Mo lẹ ìlẹ̀kẹ̀ kan mọ́ bọ́tìnì tó ń gba ohùn sílẹ̀, kí ìka mi lè dá a mọ̀. Tíṣà ń wá ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀. Mo ní n ò rí i. Irọ́ ti mọ́ mi lára.

Ọjọ́bọ̀, 17

Alhaja Ṣùkúrátù wá láti Ìbẹ̀ṣẹ̀ pẹ̀lú àwọn elégbè rẹ̀. Aṣáájú orin àṣàlátù, ẹni àádọ́rin ọdún. Òun ló gbé iṣẹ́ àkọ́kọ́ fún mi láyé mi. Ikọ́ sémìísémìí ń dà á láàmú, ó fẹ́ gba orin àdúrà rẹ̀ sílẹ̀ kí àyà tó kọ̀ ọ́ pátápátá. A gba ègbè lónìí. Ohùn tirẹ̀ di Sátidé. Kò sẹ́ni tó fura sí mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19

N ò mọ bí n ó ṣe kọ ọ́.

Òfin sítúdíò mi ni pé ẹni tó bá fẹ́ kí n dá orin dúró kì í sọ̀rọ̀ sí máìkì. Ọwọ́ ló máa ń gbé sókè lẹ́yìn gíláàsì. Èmi ni mo ṣòfin náà. Alhaja kọ ẹsẹ méjì, ó dùn. Ègbè wọlé – ègbè gígùn – mo fa féédà rẹ̀ wálẹ̀ kí mímí rẹ̀ má baà dí mi létí. Ọwọ́ mi ń ṣiṣẹ́, inú mi ń dùn. Ìgbà tí ẹsẹ kẹta tó, mo tì í sókè. Kò sí ohùn.

Lateefat ọmọ rẹ̀ ló gbé omi wọlé. Ó bá ọwọ́ ìyá rẹ̀ lókè, ó bá èmi náà tí mo kọjú sí gíláàsì, tí mò ń rẹ́rìn-ín. Ó sáré kọjá mi, ó gbé ìyá rẹ̀ tí kò lè mí dáadáa mọ́. Ẹnu ọkọ̀ ló ti yíjú padà sí mi: "Bọ̀dá Tìrì, ẹ̀ ń wò wọ́n."

Ọjọ́ Àìkú, 20

Alhaja yè. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń fún un. Lateefat kò gbé ìpè mi. Ó ti sọ fún gbogbo ẹgbẹ́ pé mo ń wo ìyá òun bí ẹni ń wo sinimá. Kí wọ́n pè mí ní ìkà, àbí kí wọ́n mọ̀ pé n ò ríran? Mo rò ó títí. Ìkà ṣì lè rí iṣẹ́ ṣe.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22

Mo lọ kí wọn ní ọsibítù. Lateefat fa àga rẹ̀ jìnnà sí mi. Alhaja sọ fún un pé òun ò gbé ọwọ́ kankan sókè, máìkì lòun fẹ́ tún ṣe. Ó ní kó lọ ra búrẹ́dì wá. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà.

Bẹ́ẹ̀dì wà lẹ́bàá fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ kọjú sí mi. Nǹkan funfun kan ṣáá ni mo rí.

"Tìrìmísíyù, ìka mélòó ni mo nà yìí?"

Mo ní, "Mẹ́ta ni, Màmá."

Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Ọmọ mi, ọwọ́ mi méjèèjì wà lábẹ́ aṣọ."

Ẹnìkan mí kanlẹ̀ lẹ́yìn mi. Lateefat ni – kò tíì lọ. Ó fa àga kan sún mọ́ mi, ó mú ọwọ́ mi, ó fi lé ẹ̀yìn àga náà kí n lè jókòó.