Tẹ́ẹ́rẹ́ Ọmọ Àparò Ti Fẹ́rẹ̀ẹ́ Gba Ipò Kìíní

Agboolé Olùkọ́,
Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi,
Ìgbòho.
Ọjọ́rú, ní kùtùkùtù.

Mojí ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrìn, mo kí ọ kú ooru Ìbàdàn, mo sì kí ọ kú ìjà omi tí ìwọ àti onílé rẹ ń jà ní Agbowó. A wà láàyè, a sì wà ní àlàáfíà, eékún ìyá rẹ nìkan ni kò tíì gbà bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run tí ń ṣọ́ ilé tí kò ní ilẹ̀kùn kò ní gbójú fo yàrá rẹ. Kí lẹ́tà yìí bá ọ níbi tí ara ti tù ọ́, bí kò bá sì bá ọ bẹ́ẹ̀, kí ó fà ọ́ dìde. Àmín.

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ewúrẹ́ wa bí mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn sì ti jẹ ìwé ìròyìn mi láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé èyí tó gbẹ̀yìn, ẹ̀rù ń bà mí pé iṣẹ́ olùkọ́ ló fẹ́ ṣe. Díákónì Àyànṣọlá ti fi “Àgbà” kún orúkọ rẹ̀, àgbà náà sì ti wọ inú àdúrà rẹ̀. Òun ló gba àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀gbìn lọ́jọ́ Ìsinmi, ó dárúkọ gbogbo irúgbìn tó wà nínú Bíbélì, kò fo músítádì, nígbà tí a ó fi délé iṣu tí ìyá rẹ gbé kaná ti di èédú. Ìdí èédú yẹn la jókòó sí tí fóònù fi dún. Ìwọ ni, ẹkún sì ni.

Ṣé mo lè gbàgbé Tẹ́ẹ́rẹ́? Kérésì ọdún kẹta sẹ́yìn ni o gbé ẹ̀rọ tí ń da àwòrán sára ògiri wálé, o ta aṣọ funfun ìyá rẹ mọ́ ògiri gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo àdúgbò sì wo àwòrán yíyà tí ń rìn tí ń sọ̀rọ̀, ọmọ àparò kan tí iná ọyẹ́ lé kúrò nínú igbó, tó wá bá ara rẹ̀ lábẹ́ afárá ní ìlú ńlá. Àparò o! Ẹyẹ tí ń hú àgbàdo wa jẹ! Bàbá Luqman tí ń dẹ pàkúté fún àparò lọ́dọọdún ni mo rí tó ń fi etí agbádá nu ojú. Ní ìparí, ọmọ náà dúró létí odò, ohùn ìyá rẹ̀ ń pè é láti òdì kejì, ó ki ẹsẹ̀ kan bọ omi, gbogbo ògiri sì ṣú. Àwọn tó ṣe é ní ká máa retí apá kejì. A ti ń retí rẹ̀ láti ìgbà náà.

Èyí tí o wá sọ fún wa lọ́jọ́ Ìsinmi nìyí, mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí n má baà ṣì í sọ. O ní àwọn kan tí wọ́n wo apá kejì náà ṣáájú gbogbo ayé ti kọ̀wé pé kò tó ti àkọ́kọ́, pé wọ́n fún un ní ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. O ní ẹgbẹ́ yín, Ẹgbẹ́ Ọmọ Tẹ́ẹ́rẹ́, tí ìwọ jẹ́ olórí rẹ̀, tó gba gbogbo àga ilé sinimá kan ní Ring Road sílẹ̀ fún ọ̀sán Sátidé, ti ń tú ká. Ọgọ́ta ni yín tẹ́lẹ̀, àwọn mọ́kàndínláàádọ́ta ti ní àwọn ò wá mọ́. O ní Olúwanífẹ́mi ọ̀rẹ́ rẹ tó rán ọgọ́ta fìlà oníìyẹ́ àparò ní Akobo ti kó wọn sínú àpò sìmẹ́ńtì. O ní bó bá di ọjọ́ Ẹtì tí nǹkan ò yí padà, wàá fagi lé gbogbo rẹ̀, o ò sì ní ṣe olórí ohunkóhun mọ́ láyé. Ibẹ̀ ni owó fóònù tán sí.

Mojí, kí n má purọ́, ẹkún yẹn ò kọ́kọ́ yé mi. Ipò kejì nínú márùn-ún! Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ni, ọmọ tó bá gba ipò kejì, ìwé tuntun àti pẹ́ńsùlù mẹ́fà là ń fún un, bàbá rẹ̀ á sì pa adìẹ. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ ní bóyá ipò kìíní lẹ ti ń retí, pé o kò fẹ́ràn ipò kejì láti kékeré. Mo rí i pé òótọ́ ni. Mo wá sọ fún un pé ọ̀rọ̀ máàkì, ọ̀rọ̀ àwa tíṣà ni.

Ọjọ́ Ajé ni ìjọba pe gbogbo àwa afẹ̀yìntì jọ sí ọgbà ìjọba ìbílẹ̀ láti wò wá bóyá a ti kú. Àwa olùkọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, kò sì sí ẹni tó dá wa lóhùn títí di ọ̀sán. Mo dìde, mo gbé ọ̀rọ̀ rẹ kalẹ̀. Gbogbo wọn ló rántí Tẹ́ẹ́rẹ́. Luqman, tí ń bá wa gba iná sí fóònù lẹ́nu ọ̀nà ọgbà náà, ló bá wa wá ibi tí wọ́n ti ń fún eré náà ní máàkì. Àwọn mọ́kàndínlógún péré ló ti fún un, ìpíndọ́gba wọn sì jẹ́ méjì lé díẹ̀. Mo ní ká fún un ní ẹyọ kan, olúkúlùkù, ìyẹn ni pé ipò kìíní.

Luqman bẹ̀rẹ̀ sí í họ orí. Ó ní Bàbá, ẹ dákun, márùn-ún ni kí ẹ tẹ̀. Mo ní ṣé o fẹ́ kí á fi ẹyẹ ọmọ mi sí ipò ìkẹyìn ni? Ó ní bó ṣe rí kọ́ nìyẹn. Mo ní Luqman, mo ṣì rántí ọmọ tó gba ipò kejìdínlọ́gbọ̀n ní kíláàsì kẹrin. Ó ní ẹ̀kẹtàdínlọ́gbọ̀n ni, sà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mú ìka wa lọ́kọ̀ọ̀kan lọ síbi tí a ní kó mú un lọ. Ìyáàfin Ọ̀ṣuntóyìn, ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ nígbà kan, ní máàkì láìsí ọ̀rọ̀ olùkọ́ kò pé, wọ́n sì ní kó kọ ọ́ sábẹ́ tiwọn pé: “Ọmọ tó ní làákàyè ni. Kó má ṣe yájú sí ìyá rẹ̀.” Làwọn yòókù bá ní àwọn náà á kọ tiwọn. Ẹnìkan kọ ọ́ pé kó túbọ̀ tẹra mọ́ ìṣirò. Nígbà tí a ṣe tán, máàkì náà ti kúrò ní méjì, ó ti di ẹyọ kan àti ààbọ̀! A pàtẹ́wọ́. Àlàájì Mánsúrù tó kọ́ni ní ìṣirò ní bí a bá tún rí ọgọ́rùn-ún afẹ̀yìntì sí i, yóò súnmọ́ ipò kìíní gan-an, ṣùgbọ́n kò ní dé ibẹ̀ tán láéláé, pé bí owó ìfẹ̀yìntì wa ṣe ń ṣe nìyẹn.

Lálẹ́ àná ni Luqman wá ka ọ̀rọ̀ tí o fi ránṣẹ́ sí i fún mi. O béèrè bóyá èmi ni, o ní o ń rẹ́rìn-ín, o ń sunkún. O ní Àmínà akọ̀wé yín ya àwòrán gbogbo ohun tí a kọ, ó fi ránṣẹ́ síbi gbogbo, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yín sì ń kà á fún ara wọn láti Bódìjà títí dé Challenge, pé àwọn mẹ́tàlélógún ti padà, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ wo ẹyẹ tí ọ̀gá àgbà ní kó má yájú sí ìyá rẹ̀. Mo sọ fún Luqman pé ṣé o rí i báyìí, ohun tí ipò kìíní ń ṣe nìyẹn. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi ní láti jókòó. Inú ọmọ náà dára.

Ó tún bá mi tẹ ìwé ẹni tó kọ́kọ́ bu ẹnu àtẹ́ lu eré náà jáde, ojú ewé mẹ́rin. Ọkùnrin náà pe ara rẹ̀ ní Ọ̀jọ̀gbọ́n Aṣelámèyítọ́ Àgbà, mo rò pé àwọn àti Díákónì Àyànṣọlá jọ kàwé ni. Mo gbé bírò pupa mi. Ó lo gbólóhùn kan tó fẹsẹ̀ gun ìlà mọ́kànlá kí ó tó rántí pé ó yẹ kí òun mí. Ó ní eré náà gùn jù, nínú ìwé tó gùn tó báyẹn. Mo fún un ní mẹ́sàn-án nínú ogún, mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: “O lè ṣe ju báyìí lọ. Sọ ohun tí o rí.” Ó rán mi létí alábẹ̀wò ẹ̀kọ́ kan tó wá wo eré àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún wa nígbà kan. Ìgbà tí a ń gbá orí ìtàgé lọ́wọ́ ló dé, kó tó di ìran kejì ó ti lọ. Ó kọ̀wé sí Ìbàdàn pé eré wa kún fún eruku. Òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n àwọn òbí tó jókòó títí dé òpin, wọn ò rántí eruku kankan.

Mo ń ka ìwé ọkùnrin yìí sókè láàárọ̀ yìí, ìyá rẹ ń bó ẹ̀gẹ́. Ó jẹ́ kí n kà á tán. Ó wá béèrè pé ṣé ó sọ níbẹ̀ bóyá ọmọ àparò náà sọdá odò. Mo tún ojú ewé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kà láti òkè délẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ àwọ̀, ó sọ̀rọ̀ orin, ó sọ̀rọ̀ ìgbà tiwa. Kò sọ bóyá ọmọ náà rí ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ ní kí ló wá lọ wò níbẹ̀? Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ní láti Kérésì yẹn, bí òun bá ti gbọ́ igbe àparò lóko lójú alẹ́, òun á kọ́kọ́ dúró ná. Ó ní òun kò sọ fún ẹnikẹ́ni nítorí àwòrán yíyà ni, òun sì jẹ́ àgbàlagbà. Ó wọlé, ó sì gbé àpò tó máa ń gbé lọ sí ọsibítù jáde, ó kó egbòogi kúrò nínú rẹ̀, ó kó aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì sí i.

Nítorí náà, à ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ọkọ̀ Sódìq tí ń kó iṣu wá sí ọjà Bódìjà la máa bá wá, iwájú la máa jókòó, òun náà ló sì máa mú lẹ́tà yìí bọ̀ lọ́la pẹ̀lú gààrí àti èlùbọ́. Wá pàdé wa níbi tí wọ́n ti ń já iṣu. Tíkẹ́ẹ̀tì tí o fi ránṣẹ́ sí wa lóṣù tó kọjá, èyí tí àmì dúdú àti funfun rẹ̀ dà bí àdìrẹ tí eku jẹ, mo ti fi rúlà àti bírò dúdú yà á sínú ìwé ìṣirò onígun mẹ́rin kéékèèké fún wákàtí mẹ́ta nítorí pé fóònù lè kú lójú ọ̀nà. Mo ka gbogbo àmì rẹ̀, kò dín ẹyọ kan. Kí aṣọ́nà wọn wá kà á.

Fi owó ọkọ̀ ẹni méjì ránṣẹ́ sọ́dọ̀ Luqman, kí o fi ti òróró eékún ìyá rẹ lé e. Má fi sí báńkì, nítorí báńkì ní kí n wá fi hàn pé èmi ni mò ń jẹ́ èmi, mo sì ti ṣe ìyẹn fún ìjọba lọ́jọ́ Ajé, ó tó fún oṣù yìí. Bá wa gba àga tó súnmọ́ ẹnu ọ̀nà, torí ìtọ̀ mi. Kí Olúwanífẹ́mi tú àpò sìmẹ́ńtì yẹn. Orí mi tóbi, ìyá rẹ á wé gèlè sábẹ́ tirẹ̀.

Má fagi lé e, Mojí. Bí gbogbo wọn bá padà wá, ayọ̀ ni. Bí ẹyọ kan nínú wọn ò bá sì wá, ìwọ, èmi àti ìyá rẹ ti di mẹ́ta. Eré náà lè má dára o. Mo ti jókòó ti ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n ní kò dára, mi ò sì rí èyí tí mo kábàámọ̀ pé mo dúró tì.

Kí Ọlọ́run, tí kì í dúró de ìwé aṣelámèyítọ́ kó tó ṣàánú, bá ọ pa ohun tí o fẹ́ràn mọ́. Kí o má pe ènìyàn kí wọ́n dákẹ́. Kí ọ̀nà Ìbàdàn gbà wá, kí ó sì tún gbà wá padà.

Èmi ni bàbá rẹ,
J. A. Bándélé, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì.

Ìyá rẹ ní kí n kọ ọ́ síbí pé bí ẹnikẹ́ni bá ti wo eré náà kí a tó dé, kí ó má sọ fún òun. Òun fẹ́ fi ojú ara òun rí i pé ó sọdá.